Ìbọn afẹ́fẹ́, ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí l'Abẹ́òkúta

Látìgbà tí fídíò bàbá ará Turkey yẹn ti gba orí fóònù gbogbo èèyàn ní 2024, Yusuf Dikeç, ẹni ọdún 51 tó ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò tó fi ìkejì yìnbọn bí ẹni tó ń nàka sí mọ́tò, tó sì gba fàdákà ní Olympics Paris, làwọn ọmọ àdúgbò wa ò ti jẹ́ n rímú mí. Àwọn òbí wọn náà ò gbẹ́yìn, mo lè máa ra ẹran ní Páńṣẹ́kẹ́ kí ẹnìkan kàn fà mí láṣọ pé ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi lóun fẹ́ máa yìnbọn, báwo la ṣe máa ṣe é. Ẹnu mi ti ń bó. Ẹ wá ka èyí. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń sọ o, èyí táwọn èèyàn ń pè ní airgun, kì í ṣe ṣakabùlà àwọn ọdẹ, kì í sì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Ṣebí ohun ìṣeré ni ìbọn afẹ́fẹ́?

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn ká tó máa bá a lọ. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde, ọta náà ò sì ju ẹyọ òjé kékeré kan lọ, 4.5 mm lèyí tó wọ́pọ̀ jù, 5.5 mm ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń díje ní Olympics, tó jẹ́ pé onísùúrù ni láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, ọta ẹ̀ ń jáde ní nǹkan bíi mítà 170 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó ju kìlómítà 600 ní wákàtí kan lọ, kò sí dẹ́rẹ́bà tó ya wèrè tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó s'Abẹ́òkúta. Àwọn míì sì wà tó yára jù yẹn lọ dáadáa. Ó lè fọ́ ojú, ó lè wọ ara lọ, ó sì ti pa èèyàn rí. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọjà sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ò gbọ́dọ̀ lo èyí tó lágbára, ohun tí wọ́n sì ń pè ní alágbára níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 107 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń díje ní Olympics ti kọjá ibẹ̀.

Ṣé òfin gbà á ní Nàìjíríà? Mo rí wọn tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí náà ẹ jẹ́ ká jókòó tì í díẹ̀. Òfin Ìbọn ti 1959 tí a ṣì ń lò títí di òní, ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú ìsọ̀rí kejì, ìsọ̀rí kan náà tí ìbọn ọdẹ ìgbàlódé wà. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé o ò lè ní in nílé láìgba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Pé ẹnìkan ń tà á lórí fóònù ò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà, ṣebí wọ́n ń ta oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní láísẹ́ńsì, tàbí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ọ̀rọ̀ ìjà tàbí ìdẹ́rùbà láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Nítorí náà ìbọn ò lè jẹ́ ti ọmọ yín. Kò ṣeé fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, kò ṣeé fi ṣe ẹ̀bùn Kérésì. Tiyín ni, orúkọ yín ló wà nínú ìwé, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa mú. Ẹ gba Eléwéẹran lọ, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn wà níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó láísẹ́ńsì ìbọn, kẹ́ ẹ sì bi í ní pàtó pé tí mo bá gba ìwé yìí, ṣé ọmọ mi lè yìn ín níwájú mi, níbo ló sì ti lè yìn ín. Kí wọ́n dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kó o wọlé láti òkè òkun nínú báàgì, ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì ń ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ ìbọn.

Tí gbogbo èyí bá ti dà bí wàhálà jù lójú yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Ní Ìlú Ọba, ọmọ tí kò tíì pé 14 ò lè fọwọ́ kan ìbọn afẹ́fẹ́ àfi kí àgbàlagbà tó ti pé 21 dúró tì í, ẹni tí kò sì tíì pé 18 ò lè rà á. Tiwa ti le jùyẹn lọ bí mo ṣe sọ. Ní tèmi, mi ò wo ọjọ́ orí nìkan. Ọmọ tẹ́ ẹ bá sọ fún pé dúró, tó dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìbéèrè pé kí ló dé, ìyẹn ti ń sún mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n ń pè nígbà mẹ́ta kó tó fi fóònù sílẹ̀ ò tíì ṣetán, ì báà jẹ́ ọmọ 15. Mo ní ọmọ àbúrò kan tó jẹ́ ẹni ọdún 11 tí mo lè fọkàn tán pẹ̀lú ẹ̀, mo sì ní àna kan tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún tí mi ò lè jẹ́ kó dé itòsí ẹ̀.

Níbo la ti lè yìn ín? Ẹ̀yìnkùlé wa fẹ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ṣáájú ni pé ibo ni ọta máa dúró sí. Kẹ́ ẹ tó wá ìbọn, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ọta máa kú sí. Tẹ́ ò bá tíì rí i, ẹ ò nílò ìbọn.

Mo ní láti sọ eléyìí torí ìlú tí a wà. Abẹ́ òkúta la ń gbé, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí òkúta ò yọ orí sí, ọta òjé tó bá sì lu òkúta lè yí padà gba ọ̀nà tí ẹnìkan ò rò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti ìbátan mi kan jókòó lórí àpáta lẹ́yìn ilé wa, ẹ̀gbọ́n ìdílé kan gbé ìbọn afẹ́fẹ́ tirẹ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ yìn agolo tómátì tó gbé sórí òkúta kejì. Kò yìn ín sí wa o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ la wà, a tiẹ̀ wà lẹ́yìn díẹ̀. Ọta yẹn kọjá agolo, ó lu àpáta, ó yí padà, ó bu ìbátan mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bí ìka ọwọ́ kan péré ló fi yẹ ẹyinjú. Àpá yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní, ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀gbọ́n yẹn sunkún ju ọmọ tó fara gbọgbẹ́ lọ.

Torí náà, kò sí òkúta, kò sí irin, kò sí ògiri bíríkì lásán, kò sí omi pàápàá, torí omi náà máa ń ta ọta padà. Èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tiẹ̀ burú jù, òjé máa ń pẹlẹbẹ tó bá lu nǹkan, irin á ta padà gidi ni, mi ò lò ó rí pẹ̀lú ọmọdé, mi ò sì ní lò ó. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń wá kátọ̀n ńlá kan, mo á ki ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkísà sínú ẹ̀ tìtì kó le dan-in, mo á wá to àpò ìrẹsì tí mo rọ yanrìn sí sẹ́yìn ẹ̀ bíi mẹ́fà, kó ga ju àmì tá a fẹ́ yìn lọ kó sì fẹ̀ jù ú lọ. Pépà la máa lẹ̀ mọ́ iwájú kátọ̀n. Ní gbogbo ìgbà tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mo máa ń yẹ kátọ̀n yẹn wò, torí ojú kan náà lọta ń lù, ó máa ń gbẹ́ ihò síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn ibi tẹ́ ẹ kọjú sí. Ọta tó bá fò kọjá lè rìn ju igba mítà lọ. Tó bá jẹ́ pé Ọbáńtokò tàbí Adátán lẹ ń gbé, níbi tí òrùlé ti fara kan òrùlé, ẹ gbàgbé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn aládùúgbò kan máa ṣí, ewúrẹ́ kan máa kọjá, ọmọ kan máa sáré wá mú bọ́ọ̀lù ẹ̀. Oko bàbá wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá lèmi ti máa ń ṣe é, ibi tí ilẹ̀ ti gbé òkè amọ̀ sókè bí ògiri tí ẹnikẹ́ni ò sì ń gbà kọjá, mo ṣì máa ń rìn yí ẹ̀yìn òkè yẹn wò kí n tó tú ìbọn sílẹ̀, torí àwọn tó ń ṣẹ́gi.

Ìbọn wo ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Èyí tó ń yin ọta ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì lágbára. Oríṣi tí wọ́n máa ń ká lọ́rùn ló wọ́pọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá ká ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì inú ẹ̀ á fún pọ̀, ẹ ó ti ọta kan bọ ẹnu ẹ̀, ẹ ó dá ọ̀pá padà. Àgbàlagbà ni kó máa ká a, kì í ṣe ọmọ, torí ó nílò agbára, tí nǹkan bá sì yọ̀ lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ọ̀pá ṣì wà nílẹ̀, ó lè gbá padà sókè kó sì gé ìka. Ẹ di ọ̀pá yẹn mú ní gbogbo àsìkò tí ìka yín bá wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ki ọta. Ẹ má sì fa trígà ẹ̀ láìsí ọta nínú ẹ̀, ó ń ba inú ìbọn jẹ́.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀pá, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Olympics. Kì í gbọ̀n rárá tí wọ́n bá yìn ín, ó dùn ún kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè tó 200 bar, bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó, táyà mọ́tò yín sì rèé, nǹkan bíi 2 ló wà níbẹ̀, ẹ má gbé e fún fọ́kanáísà lójú títì pé kó bá yín fún un o. Ó tún wúwo, àwọn tó ń díje láyè láti gbé e tó kílò 5.5, ọmọ ò lè gbé ìyẹn dúró. Oríṣi kan tún wà tó ń lo gáàsì inú agolo kékeré gírámù 12, ó sábà máa ń ní ọta púpọ̀ nínú lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ẹ fún ọmọ: ọmọ á rò pé ọta ti tán, kò sì tíì tán.

Kí ni màá kọ́kọ́ kọ́ ọmọ? Ó ti ń kánjú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọta. Ọta ò tiẹ̀ kúrò nílé. Ẹ ó jókòó, ẹ ó fi ìbọn tí kò ní nǹkan kan nínú hàn án, ẹ ó sọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹ̀ rèé, ìdí ẹ̀ rèé, trígà ẹ̀ rèé. Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Bàbá mi ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló fi kọ́ wa, kò ṣe ìwàásù. Tí ọmọ bá gbé ìbọn tí ẹnu ẹ̀ sì gba iwájú ẹnìkan kọjá, bó ṣe bí ẹni ń ṣeré, bó ṣe pé kò sí ọta níbẹ̀, ìjókòó ọjọ́ yẹn ti parí. Ẹ kó ẹrù, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má lù ú. Ẹ ṣáà máa lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é fún ọmọ mi àgbà, látìgbà náà ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìka. Ìka ò ní dé orí trígà títí ojú á fi wà lórí àmì. Ẹ kọ́ ọ pé kó na ìka yẹn gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Mo máa ń lo igi ìgbálẹ̀ fún èyí pẹ̀lú àwọn kéékèèké, a ó máa gbé e káàkiri pálọ̀, tí ìka bá ti tẹ̀ kó tó àsìkò, wọ́n á dẹ̀rín pa ara wọn, ó sì ń wọ̀ wọ́n lórí ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ.

Ẹ wá jọ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan. Tiwa ni "Dúró!" Ẹnikẹ́ni ló lè ké e, ọmọ ọdún márùn-ún tó wá wòran lè ké e, ẹni tó ń yìnbọn gbọ́dọ̀ gbé ìka kúrò kó sì gbé ìbọn kalẹ̀ kó kọjú sí kátọ̀n, lẹ́yìn náà la tó máa béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ké e mọ́ mi lórí lọ́jọ́ kan nítorí aláǹgbá. Mo dúró. Tí èmi ò bá dúró, wọn ò ní dúró fún ara wọn.

Gbogbo ẹni tí kò bá yìnbọn, ẹ̀yìn ẹni tó ń yìn ín ni kó wà. Ẹ fi igi fa ìlà sílẹ̀.

Ọmọ mi ń fi ọwọ́ òsì gbé e. Ṣé kí n tún un ṣe?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìwo ojú ẹ̀. Ojú kan máa ń jẹ ọ̀gá lára méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun jẹ́ pé ojú òsì ẹ̀ ni ọ̀gá. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré láàárín, kó fi ojú méjèèjì wo nǹkan kan gba inú ihò yẹn, bóyá agogo ara ògiri. Kó wá di ojú kan lẹ́yìn èkejì. Ojú tó ṣì ń rí agogo yẹn ni ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kó fi ìdí ìbọn tì. Màmá àgbà máa sọ̀rọ̀ o, wọ́n máa ní ọmọ ò gbọ́dọ̀ fi òsì ṣe nǹkan, ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé kò fi òsì kí ẹnikẹ́ni, kò sì fi òsì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tó bá wá di ọjọ́ tí ọta máa jáde ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó jókòó. Tábìlì kan, àga kan, àpò yanrìn kékeré lórí tábìlì tí ìbọn máa sùn lé. Èèyàn máa ń rò pé dídúró ni ìbọn, ṣùgbọ́n apá ọmọ máa rẹ̀ kíá, tí apá bá sì ti rẹ̀, ẹnu ìbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ewu sì ti dé nìyẹn. Ní Olympics mítà 10 ni wọ́n ti ń yìn ín, àárín àmì tí wọ́n ń wá fún ìbọn gígùn sì jẹ́ ààmì tó fẹ̀ ní 0.5 mm, bí ibi tí ẹnu bírò kan pépà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé àmì sí mítà márùn-ún, kẹ́ ẹ lo àwo pépà ńlá. Ọmọ tó bá rí i pé òun gbà á lẹ́ẹ̀kíní á fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ọta ẹyọ kan ló wà lórí tábìlì, ìyókù wà nínú àpò yín. Ẹ̀yin lẹ ń ki í. Ó wo irin iwájú, ìyẹn irin ìwòran kékeré tó wà lápá ẹnu ìbọn, kó jẹ́ pé òun ló mọ́lẹ̀ jù lójú ẹ̀, kí àmì máa ṣókùnkùn díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń ṣe é lódì, wọ́n á máa wo àmì. Ó mí sínú, ó mí ìdajì síta, ó dúró díẹ̀, ó fún trígà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí omi ẹ̀ ta sí aṣọ. Tí èémí bá ti ń há a, kó yọ ìka kó sinmi. Kó má jẹ́ pé ó ń fà á yọ. Bí ìbọn bá ti dún, kó ṣì máa wò títí ẹ máa fi sọ pé ó tó.

Ẹ má bi í pé ṣé o gba àárín. Tó bá ti yin ọta márùn-ún, ẹ wò ó bóyá ihò márùn-ún náà sún mọ́ ara wọn, ibi yòówù kí wọ́n wà. Tí wọ́n bá dì pọ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n yìn, irin ìwòran ló kù tẹ́ ẹ máa yí. Ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ó ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹ parí ẹ̀ nígbà tó ṣì ń wù ú.

Ṣé gíláàsì pọn dandan? Mo ti ní èyí tí mo fi ń kàwé.

Ó pọn dandan, fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó wá gbé oúnjẹ wá. Gíláàsì ìkàwé tàbí ti oòrùn ò tó, ó lè fọ́ sínú ojú. Èyí tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, tó funfun gbòò, táwọn tó ń gé irin ń lò, ni kẹ́ ẹ rà, àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó lè gba nǹkan tó bá fò lù ú. Tí ò bá sí fún ẹnìkan, ẹni yẹn á lọ jókòó sínú mọ́tò.

Wọ́n ní òjé ń bẹ nínú ọta. Ṣé ó ń ṣe ọmọ ní nǹkan?

Ó ń ṣe é, ọpọlọ ọmọ ni òjé máa ń dojú kọ jù. Ní 2010 ní Zamfara, eruku òjé tó jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọ tó ju 400 lọ. Ìyẹn pọ̀ fíìfíì ju ohun tẹ́ ẹ máa rí lára agolo ọta kan o, mi ò fi dẹ́rù bà yín, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Kí ọmọ má fi ọta sẹ́nu, àwọn kan máa ń fi ètè di í mú bí tẹ́lọ̀ ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Kò sí gúgúrú, kò sí ẹ̀pà títí wọ́n á fi fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àgbàlagbà ni kó ṣa òjé inú kátọ̀n, kó bu omi sí eruku ẹ̀ díẹ̀ kó má baà fẹ́.

Ṣé wọ́n lè fi yin ẹyẹ àti aláǹgbá?

Rárá. Ẹyẹ kì í dúró síwájú kátọ̀n yín, orí igi ló máa ń wà, ọta tó bá sì kọjá ẹyẹ ń lọ sí orí òrùlé ẹnìkan. Ọmọ tó bá ti ń wá nǹkan tó ń mira yìn, lọ́jọ́ kan á kọjú ìbọn síbi tí kò yẹ.

Ibo la máa tọ́jú ẹ̀ sí?

Ibi tó ní kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rántí mílíìkì tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́ fún àwọn ọmọ, ṣebí ṣíbí ni wọ́n fi ń bu ú lẹ́yìn yín. Ìbọn lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ lára yín. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé tí wọ́n bá dé ilé ọ̀rẹ́ tí wọ́n rí ìbọn, irú èyí yòówù kó jẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n jáde nínú yàrá yẹn, kí wọ́n wá sọ fún àgbàlagbà. Kò sí ẹni tó máa bú wọn fún un.

Ìbọn ike tí wọ́n ń tà lásìkò Iléyá àti Kérésì ńkọ́, èyí tó ń ta bọ́ọ̀lù ike?

Ẹ ò ní fẹ́ràn ìdáhùn mi. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà jù, torí kò sẹ́ni tó ń wo ó bí ìbọn. Àwọn ọmọ á pín sí ẹgbẹ́ méjì lójú pópó, wọ́n á máa yìn ín síra wọn lójú, àwa náà á jókòó máa rẹ́rìn-ín, ẹran Iléyá wà lọ́wọ́ wa. Bọ́ọ̀lù ike yẹn lè da ẹ̀jẹ̀ sínú ojú, ó lè ba ẹyinjú jẹ́ pátápátá. Ó sì tún ń kọ́ ọmọ ní ohun tó burú jù, pé èèyàn ni à ń dojú ìbọn kọ. Ọmọ tó ti ń ṣe ìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ ńlá ni kó tó gbàgbé ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọn kì í mú un wọlé mi.

Tí ọta bá wá ba ẹnìkan, kí la máa ṣe?

Tó bá jẹ́ ojú, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbìyànjú láti yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ gé ìdí kọ́ọ̀pù pépà, kẹ́ ẹ fi bo ojú náà láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kẹ́ ẹ fi pílásítà mú un, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí FMC, hósípítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, lọ́gán. Kó má jẹ, kó má mu nǹkan kan lọ́nà, bóyá wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo sì mọ̀ pé ẹnìkan máa wà níbẹ̀ tó máa ní kẹ́ ẹ fún omi ọyàn sí i, tàbí omi ṣúgà, tàbí ìtọ̀, ẹ jọ̀ọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ohun tó máa ń sọ ojú tó ṣeé gbà là di ojú tó fọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ara, ihò ẹ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́ kó má sì ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ọta sì ti wọnú lọ. Ọrùn, àyà, ikùn àti orí, ewu ńlá ni. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sí hósípítù, ẹ má fi bíléèdì wá ọta. Wọ́n á ya fọ́tò ara, wọ́n á wò ó bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún dókítà, ẹ má ní igi ló gún un.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ọmọ mi fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀.

Láti òkèèrè, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Ní àsìkò tí ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo èèyàn yìí, ẹ ò lè gbé e sórí ọ̀kadà láìbò ó, kẹ́ ẹ wá máa bínú tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀, So-Safe tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, bá dá yín dúró. Inú báàgì ẹ̀ ni kó wà, nínú búùtù mọ́tò, kí ìwé láísẹ́ńsì wà pẹ̀lú yín. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn tó lóko nítòsí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ní tèmi, rárá, mi ò fẹ́ rí ojú ọmọ mi pẹ̀lú ìbọn lórí status ẹnikẹ́ni, ẹ ò mọ ibi tó máa dé àti ohun tí wọ́n máa kọ sábẹ́ ẹ̀. Pépà tó ní ihò ni kó ya.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Ọmọbìnrin ará South Korea kan, Ban Hyo-jin, ẹni ọdún 16, ló gba góòlù ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn mítà 10 àwọn obìnrin ní Paris yẹn kan náà, ọdún 2021 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Nínú àwọn tí mo ti kọ́, àwọn obìnrin ló máa ń gbọ́rọ̀ jù. Àwọn ọkùnrin máa ń fẹ́ fi hàn pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi yìn ín lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo ti náwó sí gíláàsì.

Ẹ jẹ́ kó lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀. Gíláàsì yẹn á wúlò tẹ́ ẹ bá ń gé koríko.